Ojú Dà Nínú Fọ́tò Yìí?

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín o, mo kí Màámi. Mo kí télọ̀ ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù yín, bí ó bá ti dá ṣòkòtò yín padà. Ara mi le, mo ń jẹun, mo ń sùn. Ẹ má bínú pé ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí n tó kọ̀wé. Ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kì í jẹ́ kí èèyàn mí. Aṣọ ibùsùn ilé ìtura mẹ́ta là ń fọ̀, tí à ń lọ̀, tí à ń ká, àwa mẹ́fà péré. Mo ti ń ká aṣọ lójú oorun báyìí, ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ló sọ fún mi. Iṣẹ́ búrẹ́dì ló ń ṣe, òru ló máa ń jáde, ìyẹn ló fi ń rí mi.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo to aṣọ tí mo ti ká jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, oòrùn sì gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, gbogbo ìṣẹ́po wọn wá yọ síta, ibì kan funfun, ibì kan dúdú díẹ̀. Mo dúró, mo ń wò ó. Ọ̀gá wa obìnrin bi mí bóyá aṣọ ló jóná. Mo ní rárá. Mo yọ kámẹ́rà kékeré tí ẹ fún mi nínú àpò, mo yà á. Àtìgbà yẹn ni ojú mi ti là. Mo ti ya géètì tó dógùn-ún lẹ́yìn ilé ìfọṣọ. Mo ya omi òjò tó dúró sínú kòtò ojú títì, tí igi hàn nínú rẹ̀. Mo ya èèrà tó ń gun ògiri. Iṣẹ́ náà ò dùn, n kò ní parọ́ fún yín, àmọ́ bí mo bá ti rí ohun kan ṣoṣo tó dára lójúmọ́, ọjọ́ náà á ṣeé fàyà rán.

Mo fi mẹ́fà ránṣẹ́. Ẹ fara balẹ̀ wò wọ́n, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi.

Èmi ni ọmọ yín tó ń ká aṣọ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́. A wà láàyè, a wà ní ìlera, ìyá rẹ ń kí ọ. Télọ̀ kò tíì dá ṣòkòtò mi padà. Ó ní ó kù díẹ̀. Láti ìgbà tí o ti wà nílé ló ti kù díẹ̀.

O ní kí n sọ ohun tí mo rí. Mo rí aṣọ. Mo rí géètì. Mo rí omi ìdọ̀tí. Mo rí èèrà mẹ́rin, ọ̀kan ò sì hàn dáadáa. Mo da ojú àpòòwé náà délẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n, mo rò pé ojú rẹ ló há sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ sì ti lọ pe télọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo fọ́tò ọmọ òun. Wọ́n wá, wọ́n wo èèrà. Télọ̀ ní, "Ẹ kú oríire o." Títí di ìsinsìnyí, n kò mọ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ya èèyàn. Ohun tí ọ̀gá mi fi kọ́ mi ni mo fi kọ́ gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi: fọ́tò tí kò bá ti ní ojú èèyàn nínú, ẹni tó yà á fi fíìmù ṣòfò. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo ti fi bíírò pupa kọ àtúnṣe sí ẹ̀yìn ìkọ̀ọ̀kan wọn bí mo ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ iṣẹ́, mo sì dá wọn padà sínú àpòòwé yìí. Ka ohun tí mo kọ.

Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì rèé. Ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún ni o máa pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Láti ìgbà tí o ti pé ọdún kan, tí o ń sunkún tí imú rẹ ń ṣàn, kò sí ọjọ́ ìbí rẹ tí o kò jókòó sórí àga onígi yẹn níwájú kọ́tìnnì búlúù kí n yà ọ́. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn. Mo ti kan férémù kẹtàdínlọ́gbọ̀n mọ́ ọn, òfìfo ni. Àwọn oníbàárà ń bi mí pé ta ló kú.

Wá ẹni tí yóò yà ọ́. Jókòó, wo iwájú, kí ìmọ́lẹ̀ gba apá òsì wá. Má sì fi ti orí fóònù ránṣẹ́ sí mi, ìyẹn kì í ṣe fọ́tò, òjìji lásán ni.

Bàbá rẹ, tó rí èèrà tí kò rí ọmọ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Màámi. Ìkíni náà ò ní gùn, nítorí inú ń bí mi.

Mo ka ohun tí ẹ kọ. Lẹ́yìn fọ́tò aṣọ, ẹ kọ ọ́ pé, "Ojú dà? Tún un yà." Lẹ́yìn géètì, "Ta ló ni géètì? Kí ó wá dúró níwájú rẹ̀. Tún un yà." Lẹ́yìn èèrà, "Ṣé ìbátan wa ni wọ́n?" Lẹ́yìn ti omi òjò, ẹ ò tiẹ̀ kọ nǹkan kan, àmì ìbéèrè ńlá kan lẹ fi síbẹ̀, ó gba gbogbo ẹ̀yìn ìwé. Bàbá mi, èmi kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ yín. Owó tí mo fi ra fíìmù yẹn, orí ìdúró ni mo ti rí i.

Ẹ̀yin náà lẹ sì kọ́ mi. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ẹ máa ń ní kí n di páálí funfun yẹn mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníbàárà, kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sójú wọn. Bí mo bá ń wo oníbàárà tí mo ń rẹ́rìn-ín, ẹ ó gbá mi lórí. Ẹ ó ní, "Wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá ná, kí o tó wo èèyàn." Ó dáa, mo ti ń wo ìmọ́lẹ̀. N kò tíì dé orí èèyàn ni.

Ẹ ó rí fọ́tò ọjọ́ ìbí mi. Mo ti ṣèlérí. Oníbúrẹ́dì tí a jọ ń gbé yàrá ti gbà láti yà mí. Ẹ má fi férémù òfìfo dẹ́rù bà mí mọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ yín ni mí síbẹ̀.


Ọjọ́ ogún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ọjọ́ kejìlá ti kọjá. Mo dúró de olùpínlẹ́tà títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé kọjá. O pè lórí fóònù lóòótọ́, o bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, o ní iṣẹ́ pọ̀. Iṣẹ́ wo ló pọ̀ tó fi dí ojú èèyàn lọ́wọ́? Ìṣẹ́jú àáyá kan ni kámẹ́rà fi ń ṣí tó fi ń pa dé.

Ìyá rẹ ní kí n má kọ èyí. Mo ti kọ ọ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo tún kọ̀wé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o kò dá ti ìṣáájú lóhùn. Télọ̀ ti dá ṣòkòtò mi padà. Fi ìyẹn mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó. Télọ̀ yá jù ọ́ lọ.

Mo ti gbé férémù náà sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìyá rẹ ló ń gbé e padà. Mo ní kí a má fi ti ọdún yìí ṣe mọ́, kí a fò ó. Ó ní a kì í fo ọmọ. Ní báyìí, kò sí ọjọ́ tí a kò jà lórí ìṣó kan ṣoṣo tó wà lára ògiri.

Fi ojú rẹ ránṣẹ́, kí àlàáfíà lè padà sílé yìí.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹfà

Bàbá mi, Màámi,

Ẹ má bínú. Àwọn lẹ́tà yín dé, mo kà wọ́n. Iṣẹ́ ló gbà mí lọ́wọ́. Ojú mi ń bọ̀, ẹ ṣe sùúrù, irun orí mi ló rí játijàti, n kò sì fẹ́ kí ẹ kàn mí mọ́ ògiri pẹ̀lú rẹ̀.

Bí mo bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, mo máa ń rìn káàkiri. Ọgbà ńlá kan wà níbí, ibẹ̀ ni mo ti ya púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí. Mẹ́sàn-án ni. Ẹ wo igi tí gbogbo ewé rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé àyàfi ẹyọ kan tó pọ́n. Ẹ wo ẹyẹ tó fi òwú pupa kọ́lé. Ibi tó ti rí òwú, Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹ wo ògiri ilé kan tí ìmọ́lẹ̀ máa ń ṣe àkàsọ̀ sí lára ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ojoojúmọ́ ni àkàsọ̀ yẹn ń wá, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló máa ń lò. Èmi àti òun ti di ọ̀rẹ́.

Ẹ má fi bíírò pupa kàn wọ́n. Mo bẹ̀ yín. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ kàn wò wọ́n.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù keje

Ọmọ mi,

N kò ní kí ọ níbẹ̀rẹ̀. Bí o bá sọ òtítọ́, màá kí ọ nínú lẹ́tà mìíràn.

O ní kí n wò wọ́n. Mo wò wọ́n. Mo to mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sórí tábìlì, mo mú awò ńlá tí mo fi ń wo fíìmù, mo sì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí télọ̀ má wọlé wá kí mi kú oríire.

Ẹ̀ka igi kan wà tó ti ṣẹ́, tó fi ara kọ́ èkejì. Ó wà nínú márùn-ún nínú fọ́tò wọ̀nyẹn. Igi kan náà ni. O ní inú ọgbà lo ti yà á, láti òkè lo sì ti ń wò ó. Ṣé o ti ń fò ni? Nínú fọ́tò ẹyẹ, dígí ń dán ní igun, a jẹ́ pé inú ilé lo wà. Nínú gbogbo wọn, apá ọ̀tún ni ìmọ́lẹ̀ gbà wá. Ẹni tó bá ń rìn káàkiri, ìmọ́lẹ̀ kì í bá a rìn bẹ́ẹ̀.

Mo ṣì lè fi ìyẹn sílẹ̀. Mo lè ní ọmọ mi di ọ̀lẹ, ó ń jókòó sínú yàrá. Ṣùgbọ́n etí fèrèsé hàn nísàlẹ̀ méje nínú wọn. Ẹni tó bá dúró, etí fèrèsé kì í ga dé ojú rẹ̀. Eléyìí dọ́gba pẹ̀lú ojú rẹ. O jókòó. O jókòó nígbà òjò, o jókòó nígbà oòrùn, o jókòó ní aago mẹ́rin ojoojúmọ́ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ìwọ tí o ní ìdúró ni iṣẹ́ rẹ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tìrẹ ò tiẹ̀ lọ jìnnà, ojú fèrèsé ló dúró sí.

Kí ló dé tí o kò lè dìde?

Mo pè ọ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹfà, o kò gbé e. N kò tíì sọ fún ìyá rẹ. Mo sọ fún un pé àwọn fọ́tò náà dára. Ó fọwọ́ kan iwájú orí mi, ó ní bóyá ibà ni. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ń bínú sí ọ pé o jẹ́ kí ẹ̀rù bà mí ní ọjọ́ orí mi yìí. Má kọ̀wé nípa ewé. Kọ̀wé nípa ara rẹ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Inú ìwé yìí ni mo ti dọ̀bálẹ̀, nítorí n kò tíì lè ṣe é nílẹ̀.

Mo ṣubú. Ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ni, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ọjọ́ ìbí mi pé. Mo gbé ẹrù aṣọ tútù lọ sókè, àtẹ̀gùn tutù, n kò rí iwájú mi. Ẹsẹ̀ òsì mi ṣẹ́ ní ibi méjì lábẹ́ orúnkún. Wọ́n fi nǹkan funfun kan dì í, ó le bíi sìmẹ́ǹtì, wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ojú mi sì gbá etí àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ ìbí mi, oníbúrẹ́dì gbé kámẹ́rà wá, ó ti wọ aṣọ tó dára fún un, bí ẹni pé òun gan-an la fẹ́ yà. Mo ní kó gbé dígí wá kí n kọ́kọ́ wo ara mi. Ojú ọ̀tún mi ti dí, gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi dúdú. Mo ní èyí ò ní jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yòókù. Mo ní kó gbé kámẹ́rà fún mi. Mo ya igi.

N kò sọ fún yín nítorí mo mọ̀ yín. Ẹ ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, Màámi ò ní jẹun, ẹ ó sì máa wá ọ̀nà tí ẹ ó fi dé ibi tí ẹ ò lè dé. N kò sì gbé fóònù nítorí ẹ ó gbọ́ ọ nínú ohùn mi. Mo rò pé fọ́tò ò ní sọ̀rọ̀.

Ẹ wò ó, èmi náà ń bínú sí yín. Ta ló ń wo fọ́tò báyẹn? Gbogbo ayé ń wo ohun tó wà nínú fọ́tò, ẹ̀yin ń wá ibi tí ẹni tó yà á jókòó sí. Ẹ ní kò sí ojú èèyàn nínú wọn. Mo fi ara pa mọ́ sẹ́yìn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ẹ sì rí mi nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín dé ibi etí fèrèsé, mo sunkún títí oníbúrẹ́dì fi jí.

Ẹ gbọ́ èyí náà, kí ẹ má rò pé mo kàn ń ṣeré. Oṣù mẹ́ta lórí àga kan, ó lè ba orí èèyàn jẹ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí n kò fẹ́ fọ ẹnu. Àmọ́ mo máa ń ní kí n ṣáà dúró di aago mẹ́rin. Bí àkàsọ̀ ìmọ́lẹ̀ yẹn bá ti wá, tó tún lọ, màá ní kí n ṣáà dúró kí n wo ẹyẹ yẹn. Báyẹn ni mo ṣe dé ìhín. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà bá fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Mo ti fi ìjókòó rí tèmi.

Mo ti ń fi ọ̀pá méjì rìn báyìí. Ọ̀gá wa ní iṣẹ́ mi ṣì wà. Fọ́tò tí ẹ ń bèèrè wà nínú àpòòwé. Oníbúrẹ́dì ló yà á, ìka rẹ̀ ló wà ní igun òkè yẹn, ẹ foríjì í. Àpá wà lórí ìpéǹpéjú mi. Ẹsẹ̀ mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi dì í. Mo jókòó, mo wo iwájú, ìmọ́lẹ̀ gba apá òsì wá. A ní láti yí àga po kó tó lè gba apá òsì wá.

Ọmọ yín, pẹ̀lú ojú rẹ̀.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Mo kí ọ fún ti tẹ́lẹ̀, mo kí ọ fún ti ìsinsìnyí. O kú ìrora. O kú ìfaradà. Ìyá rẹ sunkún, ó bú ọ, ó bú mi pé mo mọ̀ tí n kò sọ, ó wá mú fọ́tò náà, ó ní o ti rù. Ó fi oúnjẹ sílẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo, kì í ṣe bí o ṣe ń fi wá ṣe ẹlẹ́yà. N kò ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ìdajì ọjọ́ ni mo tì í.

O wà nínú férémù báyìí. Oníbàárà kan ní kí n gé ìka yẹn kúrò ní igun, mo ní kó fi í sílẹ̀, ẹni tó ń bá ọmọ mi gbé ló ni ín. Má ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ojú tó wú, ojú rẹ ni. Bó bá dúdú tó èédú, ṣé èmi ló máa kọ̀ láti gbé e kọ́? Imú tó ń ṣàn ti wà lára ògiri yìí láti ọdún kìn-ín-ní.

Mo ti fi fọ́tò àkàsọ̀ yẹn sínú àpótí onídígí ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn ìyàwó àti àwọn tó ya ti ìwé ìrìnnà. Télọ̀ dúró wò ó pẹ́. Ó bi mí pé kí ni. Mo ní kó padà wá ní aago mẹ́rin.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ sọ, kó má sì dé etí télọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ìmọ́lẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó gun orí àga rẹ, ó sì fi ìlà mẹ́ta sára kọ́tìnnì búlúù. Láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ti ilẹ̀kùn yẹn ní wákàtí yẹn, nítorí ó máa ń ba iṣẹ́ mi jẹ́. N kò tì í lọ́jọ́ náà. Mo di ìgbálẹ̀ mú, mo ń wò ó bí ìwọ ṣe máa ń wò. Lẹ́yìn náà mo gbé kámẹ́rà, mo yà á. Kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Ọ̀gá mi ì bá gbá mi létí.

Òun ni mo fi sínú àpòòwé yìí. Bíírò pupa kan wà pẹ̀lú rẹ̀. Kọ tìrẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí o dá a padà, kí o má ṣojúsàájú.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹsàn-án

(Ẹ̀yìn fọ́tò ni mo kọ ọ́ sí bí ẹ ṣe ní.)

Bàbá mi,

Ìmọ́lẹ̀ dára. Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn. Ilẹ̀ mọ́, ẹ kú iṣẹ́.

Ojú dà?

Mo jókòó, mo rántí gbogbo fọ́tò tó wà nílé wa, mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Màámi wà nínú mọ́kànlá. Télọ̀ wà nínú méjì. Èmi, ẹ mọ iye tèmi. Ẹ̀yin kò sí nínú ọ̀kankan.

Ẹ má ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́rin. Ẹ jókòó sórí àga mi, kí ẹ wo iwájú, kí Màámi tẹ kámẹ́rà. Bí ìka wọn bá bọ́ sí igun, ẹ fi í síbẹ̀.

Ẹ tún un yà.